Àmín ní Alẹ́ Ọjọ́ Kérésìmesì

Ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ni ilé Ọlọ́run í kún jù lọ lọ́dọọdún. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti jẹun yó, tí ó sì ti rẹ àwọn ọmọdé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni í padà wá gbọ́ Àdúrà Àṣálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé ìsìn tí a kò kà sí yìí gan-an ni ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí Ìwé Àdúrà ti 1662 pèsè fún ọjọ́ náà. Bí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń fẹ́ mọ ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́, àti bí ó ti yẹ kí Kristẹni fi ìwé mímọ́ àwọn Hébérù gbàdúrà, kò sí ibi tí ó lè ti bẹ̀rẹ̀ tí ó dára ju ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tí ó ṣe ìwé náà ti tò ó. Orin Dáfídì mẹ́ta ni a yàn fún àṣálẹ́ náà, èyíinì ni ti 89, ti 110 àti ti 132. Lẹ́yìn wọn ni Ẹ̀kọ́ Kìíní, tí a mú láti inú orí 7 ìwé wòlíì Àìsáyà, láti ẹsẹ 10 dé ẹsẹ 17. Bí a bá ti ka Ẹ̀kọ́ náà tán, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìjọ yóò dìde láti kọ orin Màríà. Ẹkún akéwì, ìkọ̀sílẹ̀ ọba, ayọ̀ ọmọbìnrin: báyìí ni wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè má rí ohun kan tí ó so wọ́n pọ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò rí i pé ìbéèrè kan ni gbogbo wọn ń dáhùn. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni à ń sọ nígbà tí a bá ṣe Àmín?

Orin Dáfídì 89 ni ó ṣáájú. Étánì ni àkọlé rẹ̀ fi í fún. Ó ju ìdajì orin náà lọ tí ó jẹ́ ìyìn pátápátá: a yin Ọlọ́run nítorí àánú rẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ lórí òkun, àti nítorí ìbúra tí ó bú fún Dáfídì pé ìdílé rẹ̀ kì yóò kúrò lórí ìtẹ́. Òṣùpá pàápàá ni a pè ṣe ẹlẹ́rìí. Olúkúlùkù ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ ní ọjọ́ Kérésìmesì ni inú rẹ̀ yóò dùn, nítorí ìbí ọmọ Dáfídì ni à ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójijì ni akéwì náà yí ohùn padà. Ó kọjú sí Ọlọ́run fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹ̀sùn kàn án: májẹ̀mú ti di ohun ìtẹ̀mọ́lẹ̀, adé ọba ti bọ́ sínú ekuru, odi ìlú ti wó, gbogbo ẹni tí ń kọjá lọ ni ó ń kó o lẹ́rù, àwọn aládùúgbò sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó béèrè ibi tí àánú àtijọ́ náà wà. A kò dá a lóhùn. Láàrin ìdákẹ́jẹ́ yìí ni orin náà parí, tí a sì fi ìbùkún kúkúrú kan àti Àmín méjì dé e lórí. Ibẹ̀ náà ni òpin apá kẹta nínú apá márùn-ún tí àwọn Hébérù pín Ìwé Orin náà sí.

Ẹlòmíràn lè wí pé irú orin báyìí kò yẹ fún ọjọ́ ayọ̀. Èmi wí pé òun gan-an ni ó yẹ. Ní nǹkan bí 586 ṣáájú ìbí Olúwa wa ni àwọn ará Bábílónì wó Jerúsálẹ́mù, láti ìgbà náà kò sì tún sí ọmọ Dáfídì tí ó jókòó lórí ìtẹ́ ọba níbẹ̀. Ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ tí àwọn Hébérù fi ń kọ orin ìlérí náà nígbà tí ojú wọn kò rí ọba kankan láti ìdílé Dáfídì. Wọn kò purọ́ fún Ọlọ́run pé ohun gbogbo dára. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fi orin náà sílẹ̀. Kérésìmesì tí kò mọ̀ nípa ẹkún yìí dà bí ìdáhùn tí a gbọ́ láìgbọ́ ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tí a gbé posí jáde nílé rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá, tí ó sì wọ ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ àjọ̀dún pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀, yóò rí i pé àwọn tí ó ṣe Ìwé Àdúrà ti fi àyè sílẹ̀ fún òun náà.

Ohun kan wà nínú orin yìí tí kò hàn sí ẹni tí ó kà á ní èdè mìíràn. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan, emunah, fara hàn nínú rẹ̀ nígbà méje. Òtítọ́ ni a sábà máa ń pè é ní èdè wa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdúróṣinṣin ni, ohun tí ènìyàn lè fara tì tí kò ní yẹ̀ mọ́ ọn lára. Inú gbòǹgbò kan náà ni Àmín ti jáde wá. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbí yìí. Akéwì pe ìdúróṣinṣin Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹfà pẹ̀lú ìyìn. Nígbà keje ó pè é nínú ìbéèrè ẹni tí ọgbẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tí ó to Ìwé Orin kò pa ẹkún náà rẹ́, wọn kò sì fi àlàyé dá a lóhùn. Àmín ni wọ́n fi sí i, bí ẹni tí ó wí pé Ẹni tí à ń bá rojọ́ yìí náà ni à ń fara tì.

Àwọn olùkọ́ èdè Hébérù a tún máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan Àmín. Ọ̀kan ni orúkọ tí Ìwé Àwọn Ọba Kejì fi pe òpó ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì. Èkejì ni omenet, èyíinì ni alágbàtọ́, obìnrin tí í gbé ọmọ mọ́ra. Ní òpin ìwé Rúùtù, ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gan-an, ni a ti lo ọ̀rọ̀ yìí fún Náómì arúgbó, nígbà tí ó gbé Óbédì sí àyà rẹ̀, Óbédì tí ó di bàbá bàbá Dáfídì. Òpó tí ó gbé ilé ró àti apá tí ó gbé ọmọ dúró: àwòrán méjèèjì ni ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu wa ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sọ ọ́ kí àlùfáà tó dákẹ́.

Èdè tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, láti Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí ó jáde ní 1850 títí di odidi Bíbélì ní 1884, ìgbàgbọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a lò. Gbà àti gbọ́ ni ó wà nínú rẹ̀: etí gbọ́, ọkàn sì gbà. Ọ̀rọ̀ dáradára ni, nítorí ó kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ kì í ti inú ara ènìyàn wá, a ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gbọ́ kí ó sì gbà ní òwúrọ̀, kí ó sì ti yẹsẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí èdè Hébérù fi kún un ni ẹsẹ̀: ẹni tí ó gbọ́, tí ó gbà, tí ó sì dúró.

Ibí yìí ni Ẹ̀kọ́ Kìíní ti wọlé. Ní nǹkan bí 735 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Résínì ọba Síríà àti Pékà ọba Ísírẹ́lì gbìmọ̀ pọ̀ láti dojú kọ Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n sì fi ẹlòmíràn jọba dípò Áhásì, tí í ṣe ọmọ ìdílé Dáfídì. Ẹ̀rù ba ààfin, ẹ̀rù ba ìlú. Wòlíì Àìsáyà mú ọmọ rẹ̀ dání, ó lọ pàdé ọba lẹ́bàá ojú omi ìlú, ó sì sọ fún un kí ó fara balẹ̀. Ní ẹsẹ 9 ni ó ti mú gbòǹgbò Àmín, tí ó sì lò ó ní ọ̀nà méjì nínú gbólóhùn kan, tí yóò fi dún létí Hébérù bí òwe: ọba tí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Ọlọ́run, ìjọba rẹ̀ kò ní í fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àríwísí kan ni mo ní sí àwọn tí ó yan Ẹ̀kọ́ fún àṣálẹ́ náà. Ẹsẹ 10 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sẹ́yìn, ẹsẹ náà sì ni ó ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ìjọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 10 yóò gbọ́ nípa àmì, ṣùgbọ́n kì yóò gbọ́ ohun tí a fi àmì náà béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Ọlọ́run ní kí Áhásì béèrè àmì, ìbáà jìn, ìbáà ga. Áhásì kọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ti kọ̀. Kò wí pé òun kò gbàgbọ́; ohun tí ó wí ni pé òun kì yóò dán Olúwa wò. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ Ìwé Òfin ni, nítorí inú òfin Mósè ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n orí 16 Ìwé Àwọn Ọba Kejì fi ibi tí ọkàn rẹ̀ wà hàn wá. Ó kó fàdákà àti wúrà ilé Olúwa, ó fi ránṣẹ́ sí Tigilati-Pilésérì ọba Ásíríà, ó sì pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ àti ọmọ ọba náà. Ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ mímọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń kó ìṣúra ilé Ọlọ́run fún alágbára ayé. Báyìí ni ènìyàn ṣe lè fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sá fún Ọlọ́run. Kò sí ohun tí ó yẹ kí àwa tí a mọ Ìwé Mímọ́ lórí, tí a sì ń jẹun nídìí kíkọ́ni ní i, bẹ̀rù ju èyí lọ.

Nígbà náà ni wòlíì sọ̀rọ̀ ọmọ tí a ó pè ní Ìmánúẹ́lì. Ọ̀pọ̀ iyàn ni a ti jà lórí ẹsẹ 14 yìí. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀, almah, ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó túmọ̀ sí. Àwọn Júù tí ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì ṣáájú ìbí Olúwa wa ni ó lo ọ̀rọ̀ tí í ṣe wúńdíá, ìtumọ̀ yìí ni Mátíù sì tẹ̀ lé. Láti ìgbà Justin Martyr àti Trypho, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, ni Kristẹni àti Júù ti ń jiyàn lé e lórí. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí ìgbàgbọ́ tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lè wó kò tíì ní òpó. Wòlíì náà bá ọba kan tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀ ní àkókò ọba náà. Mátíù rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún tóbi ju àkókò kan lọ. Èyí tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé bí a ti ń jà lórí ẹsẹ 14, a gbàgbé ẹsẹ 9. A mọ bí a ti í fi Ìmánúẹ́lì pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. A kì í jẹ́ kí ó bi àwa fúnra wa bí ẹsẹ̀ wa bá dúró.

Orúkọ ọba Ásíríà ni ó parí Ẹ̀kọ́ náà, bí ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó lọ fara ti í. Ìjọ dìde, a sì gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan láti Násárẹ́tì. Ọba kọ̀ láti béèrè. Ọmọbìnrin yìí béèrè bí ohun tí a sọ fún un yóò ti ṣẹ, ó sì gbà. Nígbà tí ó fẹ́ dúpẹ́, kò wá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Àdúrà Hánnà, ìyá Sámúẹ́lì, ni ó nawọ́ mú, àdúrà tí a ti gbà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀.

Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí 2 Sámúẹ́lì Kìíní àti orí 1 Lúùkù. Láti inú ọkàn tí ń yọ̀ ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ìwà mímọ́ Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì fi ṣe ìpìlẹ̀. Nínú méjèèjì ni alágbára ti ń ṣubú tí aláìlera sì ń dìde, tí ẹni tí ebi ń pa ń yó tí ẹni tí ó ti yó sì ń di aláìní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ wọn ni ó kọ́ni jù. Hánnà mẹ́nu kan àwọn ọ̀tá rẹ̀. Màríà kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá ara rẹ̀. Hánnà sọ ti ikú àti isà òkú. Màríà kò mú un wọ inú orin rẹ̀. Hánnà, nígbà tí Ísírẹ́lì kò tíì ní ọba, parí àdúrà rẹ̀ sórí ọba àti ẹni àmì òróró. Màríà, ẹni tí a ti sọ fún pé ọmọ òun yóò gba ìtẹ́ Dáfídì, fi ọ̀rọ̀ ọba sílẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn lọ bá Ábúráhámù, ẹni tí kò ní ìtẹ́ kankan bí kò ṣe ìlérí.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Hánnà gbàdúrà tirẹ̀ nígbà tí ó ti bí ọmọ, tí ó sì mú un wá sí Ṣílò láti fi í fún Olúwa. Màríà kọ tirẹ̀ nígbà tí a kò tíì bí ọmọ, tí Hẹ́rọ́dù ṣì wà lórí ìtẹ́, tí ebi sì ń pa tálákà ní Gálílì bí ti àtẹ̀yìnwá. Síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ. Nínú Bíbélì Yorùbá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó gbé èyí, ọ̀rọ̀ náà ni ti, tí í fi hàn pé ohun kan ti parí. Ẹ kíyè sí i bí ó ti ń padà wá nínú orin náà. Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ìgbàgbọ́ Màríà wà. Étánì rí ìparun, ó sì ṣe Àmín. Màríà kò tíì rí ìgbàlà, ó sì sọ ọ́ bí ohun àná.

Etí Yorùbá ní àǹfààní kan níbí yìí. Ní 1753 ni Robert Lowth, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ewì ní Oxford, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ohun tí ó gbé ewì Hébérù ró ni gbólóhùn tí ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba: èkejì a tún ti àkọ́kọ́ sọ, tàbí kí ó lòdì sí i, tàbí kí ó mú un gùn sí i. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ní láti kọ́ nínú ìwé, lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti gbọ́ ọ. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n àti ọ̀mọ̀ràn inú òwe yìí kì í ṣe ènìyàn méjì yóò mọ̀ pé orin Màríà kò sọ ọ̀rọ̀ méjì nígbà tí ó sọ ti alágbára tí a yọ kúrò àti ti onírẹ̀lẹ̀ tí a gbé ga. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. A kò lè gba apá kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí Ọlọ́run gbé òun ga, tí kò sì fẹ́ kí Ọlọ́run yọ òun kúrò lórí àga tí ó fi ń ni ọmọnìkejì rẹ̀ lára, kò tíì gbọ́ orin náà, bí ó tilẹ̀ ń kọ ọ́ ní gbogbo àṣálẹ́.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Ọ̀pọ̀ Kristẹni láàrin wa ni ó ń lo Orin Dáfídì bí ọfọ̀. A ó ní kí ènìyàn ka èyí sórí omi nígbà méje, kí ó ka tọ̀hún sí ọ̀tá ní òru, kí ó ka òmíràn kí ó tó wọ yàrá ìdánwò. Agbára ọfọ̀ dúró lórí pé a kò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pè. Bí ẹnu bá yẹ̀, kò ní jẹ́. Bí àdúrà Hébérù bá jẹ́ ọfọ̀, a jẹ́ pé Màríà bà á jẹ́, nítorí ó yí ọ̀rọ̀ Hánnà padà. Ẹ sì wo Hánnà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó ń sunkún ní Ṣílò, ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì àlùfáà sì rò pé ọtí ni ó mu yó. Agbára kò sí nínú ìró tí kò dún; ọ̀dọ̀ Ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó wà. Èmi kò wí pé kí ẹni tí a ń ni lára má ké sí Ọlọ́run nípa ọ̀tá rẹ̀. Orin Dáfídì kún fún irú igbe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akéwì a gbé ọ̀tá náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, a sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í gba idà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àwọn Júù mọ èyí ṣáájú wa. Àwọn rábì, nínú Talmud, fi Hánnà ṣe olùkọ́ àdúrà: láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ pé ẹni tí ń gbàdúrà gbọdọ̀ fi ọkàn sí i, kí ètè rẹ̀ sọ ọ́, kí ó má sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. Títí di òní ni a ń ka ìtàn rẹ̀ àti àdúrà rẹ̀ nínú sínágọ́gù ní ọjọ́ kìíní Ọdún Tuntun wọn. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ wa bá kọ orin Màríà, kì í ṣe ìwé ẹni tí ó ti kú tí a jogún ni à ń kà. Ilé tí onílé ṣì ń gbé ni a wọ̀.

Bí àwọn kan ti ń fi ìwé àwọn Hébérù ṣe ohun ìjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń wí pé kí a pa á tì, pé Májẹ̀mú Tuntun tó fún wa. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ní nǹkan bí 144 ni ìjọ Róòmù yọ Marcion, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan láti Pọ́ńtù, kúrò láàrin wọn, nítorí ó ń kọ́ni pé Ọlọ́run àwọn Hébérù kì í ṣe Bàbá Olúwa wa. Ó kọ gbogbo Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀. Ìhìnrere kan ṣoṣo ni ó lò, irú ti Lúùkù, ṣùgbọ́n tí kò ní orí méjì àkọ́kọ́ nínú. Ẹ ro ohun tí ó wà nínú orí méjì náà: Élísábẹ́tì, orin Sakaríà, orin Màríà, ibùjẹ ẹran, àwọn olùṣọ́-àgùntàn, orin Síméónì. Marcion lé àwọn Hébérù jáde nínú ilé, Kérésìmesì sì bá wọn jáde. Ìwé márùn-ún ni Tertullian, ará Kátéjì ní Áfíríkà, kọ láti fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní 13 Oṣù Kọkànlá 1933, nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá kan ní Berlin, Reinhold Krause dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ń pe ara wọn ní Kristẹni Jámánì, ó sì béèrè pé kí ìjọ mú Májẹ̀mú Láéláé kúrò. Kérésìmesì ọdún náà kò dé kí a tó gbọ́ ohùn àwọn tí ó takò irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní Munich, Kádínà Michael von Faulhaber fi ìwàásù Bíbọ̀ Olúwa ọdún náà gbèjà ìwé àwọn Hébérù. Ní London, ní 17 Oṣù Kejìlá, Dietrich Bonhoeffer, tí í ṣe pásítọ̀ àwọn ará Jámánì níbẹ̀, wàásù lórí orin Màríà, ó sì fi hàn pé orin tí ń mi ìtẹ́ àwọn alágbára ni, kì í ṣe orin ìrẹmọ́lẹ́kún. Ní 1940 ni ó tẹ ìwé kékeré kan tí ó fi Orin Dáfídì hàn gẹ́gẹ́ bí ìwé àdúrà inú Bíbélì. Ìjọba Hitler pa á ní Flossenbürg ní 9 Oṣù Kẹrin 1945, lẹ́yìn tí ìjọba náà ti pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà àwọn Júù. Ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́ kan nípa ìwàásù Kádínà náà: ó gbèjà àwọn Hébérù àtijọ́ àti ìwé wọn, ṣùgbọ́n kò gbèjà àwọn Júù alààyè ìgbà tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ènìyàn lè fẹ́ràn ìwé kí ó sì pa àwọn tí ó ni ín tì. Bẹ́ẹ̀ ni Áhásì ṣe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Òfin. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí Ábúráhámù bá jẹ́ baba wa nínú ìgbàgbọ́, kò yẹ kí a fi ìgbéraga sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú kíláàsì wa, pàápàá jù lọ ní ọjọ́ tí a bí ọmọ Júù kan tí à ń pè ní Olúwa.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin olùkọ́ kò gùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ẹ kọ àdúrà Hánnà sí apá òsì pátákó, kí ẹ sì kọ orin Màríà sí apá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí wọ́n ti bára mu. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí Màríà fi sílẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí olúkúlùkù ọmọ mú gbólóhùn kan nínú Orin Dáfídì, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbàdúrà lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Màríà ti ṣe. Níbi tí àlùfáà bá sì gbà á láàyè, kí ẹni tí yóò ka ìwé Àìsáyà ní àṣálẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 9.

Àdúrà Àṣálẹ́ kò parí sórí orin Màríà. Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́ Kejì ni orin Síméónì, ẹni tí ó ti ń retí ìtùnú Ísírẹ́lì fún ọjọ́ pípẹ́. Lúùkù sọ fún wa pé ó gba ọmọ náà sí apá rẹ̀. Náómì gbé Óbédì mọ́ àyà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Síméónì gbé ọmọ Màríà ní tẹ́ḿpìlì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwé mímọ́ àwọn Hébérù ni àgbà náà fún wa. Òun ni ó gbé ọ̀rọ̀ sí Màríà lẹ́nu nígbà tí ayọ̀ pọ̀ jù, òun ni ó sì gbé ọ̀rọ̀ sí Étánì lẹ́nu nígbà tí ìbànújẹ́ pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó gbé òun ró, ìbáà jẹ́ nínú aṣọ àjọ̀dún, ìbáà jẹ́ nínú aṣọ ọ̀fọ̀, mọ ohun tí ó ń sọ nígbà tí ó bá ṣe Àmín.